Wọ́n ní kí n má sọ Yorùbá sí ọmọ mi mọ́ torí ọ́tísíìmù. Ṣé ìwádìí sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?

Ìyá Àkànní (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọkùnrin mi pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Kó tó pé ọdún méjì ni mo ti fura. Tí mo bá pè é, kì í wẹ̀yìn. Ìdérí ìgò mínírà ló fẹ́ràn jù láyé. Ó máa ń tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé ìdí àga, bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá sì kan ẹyọ kan péré, ẹkún ọjọ́ náà kì í tán bọ̀rọ̀. A ti yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́ràn dáadáa. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni dókítà sọ fún wa pé ọ́tísíìmù ni, pé bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀, ó sì ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti bó ṣe ń bá èèyàn lò.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní kí gbogbo ilé pa Yorùbá tì, kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa sọ sí i. Ó ní èdè méjì ti pọ̀ jù fún ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó tíì sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi gbà. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ní kó wá, kó jókòó, kó jẹun.

Ìya ọkọ mi ló ń bá mi mójú tó o títí mo fi ń ti Gbági dé, torí aṣọ ni mò ń tà níbẹ̀. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Oríkì ni wọ́n fi ń jí i láràárọ̀, wọ́n á máa pè é ní Àkànní ọkọ mi, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ojú rẹ̀ á fi là. Ní báyìí, ńṣe ni wọ́n jókòó tì í, wọn ò sọ nǹkan kan. Lálẹ́ àná wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé ẹnu mi ló kó bá ọmọ yìí ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Oorun ò sì kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí rí, tí kì í ṣe pé wọ́n kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu? Mo fẹ́ mọ̀.


Bàbá Tèmídayọ̀ (Ìkòròdú)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Àkànní. Ọlọ́run á fún yín lókun.

Ọmọbìnrin wa ti pé ọdún méje. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wa, a sì tẹ̀ lé e. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń tọ́ ọ. Kò tíì lè fa gbólóhùn gígùn, àmọ́ ó ti ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ: omi, ìrẹsì, ilé, orúkọ àbúrò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ohun tó ń wò lórí fóònù. Lójú tèmi, èdè kan tó bá rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu sàn ju méjì tó ń mì lọ. Ẹ ṣe ohun tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ bá ní kí ẹ ṣe. Èmi ò kábàámọ̀.


Màmá Bọ́lá (Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù)

Àbúrò mi Ìyá Àkànní, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ nígbà tí mò ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Mo kà á débi pé mo kọjá ibùdókọ̀ mi. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ.

Bọ́lá ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọdún 2011 ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta, obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò níbí sọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ yẹn gẹ́lẹ́. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mi ò fi Yorùbá bá ọmọ tí mo bí sọ̀rọ̀.

Ìwọ wò ó. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ ni. Mo mọ bí mo ṣe máa ní kí aláìsàn gbé apá sókè, mo mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jẹun tàbí kò jẹun. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí Bọ́lá bá ta jí lóru tó ń forí gbá ògiri, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà á kóra jọ sí mi lọ́fun, màá sì gbé wọn mì. Màá wá sọ gbólóhùn kan tàbí méjì ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tán. Nígbà tó yá, ilé wa dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ló rọ́pò Yorùbá, àbúrò mi, torí Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kò kún àyè rẹ̀.

Lọ́dún 2014, ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n lo oṣù márùn-ún lọ́dọ̀ wa. Àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn kò lè bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n á gé ọsàn fún un, á gbà, á lọ. Wọ́n kú lọ́dún 2016. Ìyẹn ò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni obìnrin ará Ṣómálíà kan nínú ìpàdé àwa òbí bi mí pé èdè wo ni mò ń sọ sí Bọ́lá. Nígbà tí mo sọ fún un, ó bú sẹ́kún, torí òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló kọ́kọ́ fún mi ní ìwé ìwádìí kan kà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá wọn kà fúnra mi, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ní Montréal ní Kánádà, Catherine Hambly àti Eric Fombonne fi àwọn ọmọ ọ́tísíìmù tó ń gbọ́ èdè méjì nílé wé àwọn tó ń gbọ́ ẹyọ kan. Ọdún 2012 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọ elédè méjì kò rẹ̀yìn ju àwọn yòókù lọ. Lọ́dún 2012 yẹn náà, àwọn olùwádìí ní Vancouver, ní Kánádà kan náà, tí Pat Mirenda àti Stefka Marinova-Todd wà lára wọn, mú ọmọ 14 tó ń gbọ́ èdè Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú ọmọ 14 tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, gbogbo wọn ní ọ́tísíìmù. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè sọ ní gbogbo èdè tó ní pọ̀, àwọn elédè méjì ló ní jù. Lọ́dún 2013, Maria Valicenti-McDermott àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bronx, ní New York, wo àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, 40 tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, 40 tó ń gbọ́ ọ pẹ̀lú èdè Spéènì. Àwọn elédè méjì ló tún ń fi ọwọ́ júwe nǹkan jù, tí wọ́n sì ń dá ohùn jù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọpọlọ tó bá ní ìṣòro kò lè gba méjì. Elizabeth Kay-Raining Bird ní Halifax, ní Kánádà, ti wò ó lára àwọn ọmọ tó ní àrùn Down, èyí tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ tó sì ń mú kí ẹ̀kọ́ kíkọ́ lọ́ra fún un, lọ́dún 2005. Gẹ̀ẹ́sì àwọn elédè méjì dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, èdè kejì wá jẹ́ ẹ̀bùn lórí rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwádìí wọ̀nyí kò pọ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá kankan nínú àwọn tí mo kà. Síbẹ̀ ibi kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Èyí tó ní kí á pa èdè ìyá tì, mi ò rí i.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Betty Yu, lọ́dún 2013. Kò ka ọ̀rọ̀ ọmọ, àwọn ìyá ló lọ bá, àwọn ìyá ará Ṣáínà ní Amẹ́ríkà tí ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù. Wọ́n gbà gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló máa gba ọmọ wọn là, wọ́n sì ń tiraka láti sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn fún wọn. Nígbà tí mo kà á, ó dà bíi pé ilé mi ni wọ́n ti wá kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí o bá mi sọ fún ìya ọkọ rẹ. Ẹ̀bi tí wọ́n ń dì lé ìyá lórí yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1943 tí dókítà Leo Kanner ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ọmọ 11 tó ní ọ́tísíìmù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé díẹ̀ nínú àwọn òbí náà ló ní ọ̀yàyà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1967, Bruno Bettelheim, òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ ọ́ káàkiri pé òtútù ọkàn ìyá ló ń fà á. Ẹ wo iye ìyá tó gbé ẹ̀bi yẹn wọ sàréè. Ìbejì ló gbà wá. Lọ́dún 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kó ìbejì jọ, méjì méjì lọ́nà 21, tí ó kéré tán ẹnì kan nínú méjì kọ̀ọ̀kan ní ọ́tísíìmù. Nínú ìbejì 11 tó jọra délẹ̀délẹ̀, 4 ló jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ní in. Nínú 10 tí kò jọra bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ìwà ìyá ló ń fà á ni, kò yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín oríṣi ìbejì méjèèjì. Ohun tó bá ọmọ wá láti inú ni, kì í ṣe ìwà ìyá. Àmọ́ wọ́n gbé ẹ̀bi kúrò lọ́kàn ìyá, wọ́n wá gbé e ka ahọ́n rẹ̀. Mi ò gbà á mọ́. Sọ fún Màmá pé ẹnu wọn ò kó bá ẹnikẹ́ni.

Èmi padà sí Yorùbá nígbà tí Bọ́lá pé mẹ́sàn-án. Ilé ìwẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni kì í ti sá fún mi. Gbé apá. Gbé ẹsẹ̀. Ojú dà? Lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, lọ́nà kan náà. Ó gba oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan mò ń fọ orí rẹ̀, ọṣẹ ti ń wọ̀ ọ́ lójú. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ló máa gé mi jẹ lọ́wọ́. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ó tó." Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù yẹn, mo sọkún. Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ti pọ̀ jù fún un, ariwo ni o, òórùn ni o, ó máa ń ní "Ó tó." Kò gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì lọ síbì kankan, ó ń pọ̀ sí i ni.


Àǹtí Kẹ́mi (Òṣogbo)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Màmá Bọ́lá. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá yín sáfẹ́fẹ́ rere.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú láti ọdún mẹ́rìnlá. Bàbá Tèmídayọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe ronú pé ẹ ṣe àṣìṣe. Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ yẹn, iṣẹ́ ńlá ni, ẹ má sì gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè tí ẹnu yín bá já gaara lórí rẹ̀ jù ni kí ẹ máa fi bá a ṣeré. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ìṣòro wà níbi tí wọ́n bá ti gba èdè lẹ́nu ẹni tó ń tọ́jú ọmọ.

Ìyá Àkànní, orúkọ wo lẹ fi ń pe ọmọ nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò? Mo bèèrè torí mo ti rí i. Ọ̀kan lára ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi òbí nípa ọmọ kékeré ni bóyá ó máa ń dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tiwa ní orúkọ tí bàbá sọ ọ́, ó ní ti ìyá àgbà, ó ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní oríkì. Wọ́n á wá fi orúkọ inú ìwé ìbí pe ọmọ tó jẹ́ Àkànní ló ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ wíwo ojú. A ti kọ́ ọmọ pé kó má tẹjú mọ́ àgbà. Kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bi yín bóyá ó ń wo ojú yín tó bá ń mu ọmú tàbí tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn, kí ó má kàn wò ó bóyá ó wo ojú dókítà. Ti eré náà ńkọ́? Ọmọ tí kò ní bèbí lè máa fi iyanrìn se ọbẹ̀, eré àfarawé náà ni. Mi ò sọ pé kì í ṣe ọ́tísíìmù o. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọmọ yín dé gan-an ni.

Ẹ tún jẹ́ kí n rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé. Lọ́dún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Kì í ṣe àwọn ọmọ ọ́tísíìmù ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn òbí nígbà náà, òun náà ló wà nínú ohun tí ilé ẹ̀kọ́ sọ fún yín yìí.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Dókítà Mashudat Bello-Mojeed àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó, tó jáde lọ́dún 2016. Àwọn ìyá ni wọ́n kọ́, ìyá 20, ìpàdé márùn-ún, bí wọ́n ṣe máa mọ ohun tó ń fa ìwà ọmọ àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Ìwà ìjà àti ìpara-ẹni-lára dín kù lára àwọn ọmọ náà. Ìyá àti ìyá àgbà ni irinṣẹ́ tó pọ̀ jù tí a ní ní orílẹ̀-èdè yìí. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lè máa rí Àkànní fún bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì lọ́sẹ̀. Wákàtí mélòó ni Màmá ń bá a jókòó?


Bàbá Tèmídayọ̀ (Ìkòròdú)

Ẹ ṣé, Àǹtí. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún kà á fún ìyàwó mi. Yorùbá lèmi àti ìyá rẹ̀ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, a kàn máa ń dákẹ́ tí ọmọ bá wọlé ni. Mi ò ronú rẹ̀ rí pé a máa ń dákẹ́ tó bá wọlé.


Ìyá Àkànní (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ mẹ́wàá rèé tí mo kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n jíyìn.

Mo ka ọ̀rọ̀ Màmá Bọ́lá sókè fún ìya ọkọ mi lórí àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ò sọ nǹkan kan. Wọ́n bọ́ gèlè, wọ́n tún un wé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó di aago mẹ́fà, mo gbọ́ oríkì láti yàrá wọn. Ọkọ mi náà gbọ́ ọ. Ó fẹ́ dìde, mo dì í mú lápá.

Àkànní ò tíì sọ̀rọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé, bí Màmá ṣe ń kì í, ó mú ìdérí kan kúrò lórí ìlà tó ń tò, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Kò gbà á padà títí tí wọ́n fi parí. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ìdérí rẹ̀ rí.

Orúkọ inú ìwé ìbí ni wọ́n fi pè é nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, Àǹtí Kẹ́mi. Ẹnikẹ́ni ò fi orúkọ yẹn pè é nílé rí. Mo ti sọ fún dókítà, ó ní kí n mú Màmá dání nígbà tí a bá tún ń bọ̀. Mo tún bá olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sọ̀rọ̀, inú mi ń gbọ̀n. Kò bínú. Ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn, kí n fi orúkọ àwọn ìwádìí náà ránṣẹ́ sí òun. Mo ti fi ti Montréal àti ti Vancouver ránṣẹ́.

Màmá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, orin wo lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?


Màmá Bọ́lá (Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù)

Mi ò ní orin kan pàtó, àbúrò mi. Orúkọ ẹ̀yà ara ni mò ń fi ohùn gbé, láti orí wá sí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo bá ti pe ọ̀kan, màá dúró, màá ka ẹẹ́wàá sínú kí n tó pe èkejì. Ibi tí mo ti dúró yẹn ló máa ń wò mí. Jẹ́ kí Màmá náà máa dúró díẹ̀ bí wọ́n bá ń kì í. Kí ó sì jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, Bọ́lá ò fẹ́ràn omi tútù rárá.